Ṣé lóòótọ́ ni ariwo ọkọ̀ òkun ń ni àbùùbùtán lára, àbí wọ́n kàn ń fi àkókò wa ṣòfò?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó kọ̀ǹténà, ó pè mí lánàá pé àwọn ń wọ Vancouver ní Kánádà, pé káptẹ́ẹ̀nì ní kí wọ́n dín eré kù sí 14.5 nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n eré ọkọ̀ òkun) nítorí àbùùbùtán. Mo ní ṣé kí ẹ má baà kọ lù ú ni? Ó ní rárá, nítorí ARIWO ni! Mi ò gbà á gbọ́ o. Ẹja ń gbọ́ ariwo? Nínú omi? Ọkọ̀ tó kó ọjà olówó iyebíye, ẹ ní kó máa wọ́ bí ìgbín nítorí ẹja. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ṣàlàyé, ẹ má kàn sọ fún mi pé òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò yín ò parọ́. Mo ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì fún ọdún 11, ọkọ̀ tó ń kó ọkà lèmi wà, a ti wọ Vancouver lọ kó àlìkámà láìmọye ìgbà, mo sì ti gba àṣẹ pé ká dín eré kù yẹn fúnra mi. Lákọ̀ọ́kọ́ èmi náà bínú. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo mọ̀ jù.

Gbogbo èèyàn rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo. Ó ń pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde sínú omi jù, propeller ló ti ń wá, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń tì í lọ. Tí propeller bá ń yí kíákíá, ẹ̀yìn apá rẹ̀ á máa fa omi débi pé omi á hó. Kì í ṣe híhó ti iná o, omi tútù ni, agbára tó ń tẹ omi yẹn pọ̀ ló já wálẹ̀ lójijì. Ìhó kéékèèké á yọ, kò ní pẹ́ rárá tí wọ́n á bẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, láìdáwọ́ dúró, láti èbúté dé èbúté. Ìhó yìí lágbára débi pé ó ń jẹ irin. Mo ti dúró lábẹ́ propeller nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ wa kúrò nínú omi fún àtúnṣe, mo fi ọwọ́ pa apá rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ún bíi pákó tí ikán ti jẹ. Ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí irin, ẹ ro ohùn tó máa ní.

Ohùn yẹn kì í sì í kú kíákíá nínú omi. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń sáré bíi 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú omi òkun ó tó 1,500. Èyí tó nípọn, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bíi ti ìyá ìlù, ọ̀nà jíjìn gan-an ló ń lọ kó tó rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, àbùùbùtán kì í ṣe ẹja. Ó ń mí afẹ́fẹ́ bíi tèmi tìrẹ, ó ń bímọ, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Nínú omi tó jìn, òkùnkùn ni, ojú ò ríbi kankan, etí ló fi ń wá oúnjẹ, etí ló fi ń wá ọkọ tàbí aya, etí náà ló fi ń mọ ibi tọ́mọ rẹ̀ wà. Ẹ rántí ilé tí yàrá mẹ́wàá ti ní jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá nígbà tí iná bá lọ, tẹ́ ẹ̀ ń pe ọmọ yín tí kò dáhùn, kì í ṣe pé ọmọ ya aláìgbọràn, kò gbọ́ yín ni. Ní tiwa, iná á dé, jẹnẹrétọ̀ á kú. Ní tiwọn kì í kú.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "ìtàn dùn o, ẹ̀rí dà?" Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀rí.

Ẹ rántí September 11, 2001. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù yẹn, ọkọ̀ òkun dín kù gan-an ní Bay of Fundy, láàárín ìpínlẹ̀ New Brunswick àti Nova Scotia ní Kánádà. Ibẹ̀ ni àwọn àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní North Atlantic right whale máa ń wá jẹun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láyé ìgbà yẹn. Àwọn onímọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń kó ìgbẹ́ àbùùbùtán tó léfòó sójú omi, wọ́n ń yẹ èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ara nígbà tí ẹ̀rù tàbí ìnira bá bá ẹ̀dá. Àwọn míì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba ohùn inú omi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan á rí báyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè ṣètò rẹ̀ láéláé.

Nígbà tí Rosalind Rolland ti New England Aquarium ní Boston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2012, ohun tí wọ́n rí ni pé ariwo wálẹ̀ ní 6 dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó), èròjà ìnira yẹn náà sì wálẹ̀ nínú ìgbẹ́ àwọn àbùùbùtán. Wọ́n yẹ ọdún mẹ́rin míì wò, nínú oṣù kan náà, kò wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ mọ ìṣirò dẹ́síbẹ̀lì, 6 túmọ̀ sí pé agbára ariwo kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ohun tó wọ̀ mí lára nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé epo tó bá dà sómi, ọdún gbọọrọ la ó fi máa fọ̀ ọ́. Ará Niger Delta ò nílò kí n sọ fún wọn. Ike tó bá wọ òkun, ọmọ ọmọ wa á bá a níbẹ̀. Ariwo ní tirẹ̀, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá a dúró ló ń tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, ara àwọn ẹranko wọ̀nyẹn ti mọ̀ ọ́n.

* * *

"Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé ohùn sókè?" Wọ́n ń gbé e sókè o. Right whale tí mo sọ yẹn ti gbé ohùn rẹ̀ lọ sókè sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Orca náà, ìbátan àbùùbùtán tó dúdú tó sì funfun, tí ariwo bá fi 1 dẹ́síbẹ̀lì lé, òun náà á fi 1 lé ohùn tiẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ibo ló máa parí sí? Ẹni tó ń pariwo ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ bí ohùn ṣe lágbára tó nìkan. Àwa Yorùbá ló yẹ kó tètè yé. Ẹ gbé dùndún, kẹ́ ẹ wá ọ̀nà tẹ́ ẹ fi máa bo gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ku ti àárín àti ti òkè. Onílù á ṣì máa lu ìlù, ẹ̀yin á ṣì máa gbọ́ nǹkan, àmọ́ kí ló ń sọ? Oríkì ta ló ń kì? Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn àbùùbùtán ńlá fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, òun náà sì ni propeller ń bò jù.

* * *

Bọ̀dá kan kọ èsì gígùn. Kí n gé e kúrú: ó ní òun ń gbé Seattle, pé ebi ló ń pa àwọn orca ibẹ̀, kì í ṣe ariwo, pé ẹja salmon ti tán nítorí àwọn ìdènà odò, pé kẹ́míkà tún wà lára wọn, pé ariwo ni wọ́n kàn rí dì mú torí kò ná wọn lówó púpọ̀.

Mo gbà pẹ̀lú yín dé ìdajì, sà. Àwọn orca tí a ń sọ yìí, àwọn tí wọ́n ń pè ní Southern Residents, jẹ́ 98 lọ́dún 1995. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní oṣù keje 2024, 73 ló kù. Ẹja Chinook salmon ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, Chinook sì ti dín kù lóòótọ́. Kẹ́míkà PCB wà nínú ọ̀rá wọn lóòótọ́. Kódà, láàárín ọdún 1960 sí 1980, wọ́n ti fi àwọ̀n kó ọ̀pọ̀ ọmọ wọn lọ fún àwọn ilé ìwòran. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ṣùgbọ́n ibi tá a ti yà síra nìyí. Báwo ni orca ṣe ń rí salmon? Ó ń ta ohùn, tá tá tá tá, ó ń dúró de èyí tó máa bá ara ẹja ta padà wá. Ariwo ọkọ̀ ń jẹ́ kí ibi tí ohùn yẹn lè dé kúrú. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹja ti dín kù, ìdí gan-an nìyẹn tí ariwo fi burú! Nígbà tí ẹja pọ̀, ó lè pàdánù mẹ́ta kó rí ìkẹrin. Ní báyìí tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló wà, tí kò bá gbọ́ ọ, ó di ebi nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ti lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹ̀yìn wọn, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń mọ bí wọ́n ṣe ń rì wọ omi, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé tí ọkọ̀ bá sún mọ́ wọn tó 400 yáàdì, àwọn obìnrin wọn ló máa ń pa ọdẹ tì. Abo, abiyamọ, ẹni tó yẹ kó jẹun fún ẹni méjì.

Ẹ̀yin ní Seattle, ẹ̀ mọ Tahlequah, ọ̀kan nínú àwọn abo orca yẹn. Ọdún 2018 ó bímọ, ọmọ náà kú láàárín wákàtí kan, ó fi orí gbé òkú ọmọ yẹn kiri fún ọjọ́ 17. Ní ìparí 2024 ó tún bí òmíràn, ìyẹn náà kú, ó tún gbé e. Mi ò ní sọ pé ariwo ló pa àwọn ọmọ yẹn. Mo kàn mọ̀ pé nínú nǹkan mẹ́ta tó ń bá wọn fínra, salmon á gba ọ̀pọ̀ ọdún, kẹ́míkà á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo ni ẹni tó di ìdarí ọkọ̀ mú lè dín kù lónìí.

* * *

Ìbéèrè yìí ni mo ń retí láti àárọ̀: "Tí ọkọ̀ bá rọra lọ, ṣebí yóò pẹ́ níbẹ̀ ni, ariwo á kàn gùn sí i."

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ṣíìfù, ọ̀gá ẹ́ńjìnnì tí mo bá ṣiṣẹ́, náà máa ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lọ́dún 2017 wọ́n dán an wò ní Haro Strait, láàárín Vancouver Island àti San Juan Island, ibi tó gùn tó máìlì òkun 16, wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ má ju nọ́ọ̀tì 11 lọ. Ọkọ̀ kọ̀ǹténà tó dín eré kù, ariwo tó ń jáde lára rẹ̀ wálẹ̀ ní bíi 11.5 dẹ́síbẹ̀lì. Tiwa tó ń kó ọkà, tí kì í sáré púpọ̀ tẹ́lẹ̀, wálẹ̀ ní bíi 6. Ẹ mú ti kọ̀ǹténà. Ká ní nọ́ọ̀tì 19 ló ń sá tẹ́lẹ̀, ó máa lo bíi ìṣẹ́jú 50 níbẹ̀. Ní nọ́ọ̀tì 11, bíi 87. Àkókò ò tiẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Àmọ́ 11.5 dẹ́síbẹ̀lì túmọ̀ sí pé agbára ariwo kù bí ìdá kan nínú mẹ́rìnlá. Tẹ́ ẹ bá kó àkókò àti agbára pọ̀, gbogbo ariwo tó wọ omi kò tó ìdá kan nínú méje ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ agbohùn tó wà lábẹ́ omi ní Lime Kiln, lẹ́gbẹ̀ẹ́ San Juan Island, rí i pé nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá wà nítòsí, ariwo dín ní 2.5 dẹ́síbẹ̀lì sí tàtijọ́, ìyẹn bíi 44 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkọ̀ ló sì gbọ́ràn lọ́dún yẹn o, gbogbo wọn kọ́.

* * *

Ẹni tó ní òun gbọ́ pé àbùùbùtán ń sá wá kú sí etí òkun nítorí ariwo: ẹ̀ ń da méjì pọ̀ ni. Ìyẹn jẹ́ ti sonar àwọn ológun ojú omi, ẹ̀rọ tó ń ta ohùn líle sínú omi láti fi wá nǹkan, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Bahamas lọ́dún 2000. Ìyẹn dà bíi kí wọ́n yin àrá sétí èèyàn. Ti ọkọ̀ akẹ́rù kì í pa èèyàn lójú ẹsẹ̀, bíi èéfín ilé ìdáná ló rí, ojoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má jẹ́ kí ọ̀kan bo èkejì.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà lọ sí Badagry. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí ló kan àwa, pé kò sí àbùùbùtán lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n, ó wà. Humpback, irú àbùùbùtán ńlá kan, ń ti apá Antarctica gòkè wá sí Gulf of Guinea láti wá bímọ, láti nǹkan bí oṣù keje títí dé oṣù kẹwàá. Wọ́n ń rí wọn ní Gabon, São Tomé, àti lójú omi Cotonou níbẹ̀ yẹn, kò jìnnà sí yín. Akọ wọn ń kọrin lásìkò yẹn, orin gidi tó ní ìdá, tó ní àpadàsí. Orúkọ tá a sì fún un, à-bù-ù-bù-tán, kì í ṣe orúkọ tí èèyàn ń sọ ẹranko tí kò rí rí. Àwọn kan ti dúró ti èyí tó gúnlẹ̀ sétí òkun, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n bù ú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ti wà nínú ọkọ̀ tó dúró lójú omi Èkó fún ọjọ́ 19, à ń retí àyè. Ẹ́ńjìnnì ńlá ti kú, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ inú ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, torí iná gbọ́dọ̀ wà. Mo ka ọkọ̀ tó yí wa ká lálẹ́ ọjọ́ kan, iná wọn lọ súà bí ìlú. Oṣù kẹjọ ni. Ìgbà yẹn, mi ò tíì mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí, mi ò ronú kan ohun tó wà lábẹ́ wa. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí. Tí wọ́n bá lè ju ẹ̀rọ agbohùn kan ṣoṣo sómi níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo máa wá gbọ́ ọ fúnra mi.

* * *

Ó padà sórí owó, bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó ń ṣe clearing ní Apapa ní ta ló ń san án.

Ọkọ̀ tó rọra lọ, epo ló ń dá padà. Agbára tí ẹ́ńjìnnì ń lò ń lọ sókè bí eré × eré × eré: ẹ dín eré kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, agbára á dín ní bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ohun tó ń náni lówó ni kí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ti máa dúró dè yín. Ìdajì wákàtí, tí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú, wọ́n á kọ ọ́ sínú ètò. Èbúté Vancouver tiẹ̀ ti ń dín owó èbúté kù fún ọkọ̀ tí kì í pariwo púpọ̀ láti 2017.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ní ọkọ̀ tí wọn ò tọ́jú. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, ìtì igi gbá propeller wa lójú omi, etí apá kan ká. Gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gbọ̀n, ife tíì mi kò lè dúró lórí tábìlì. Mo kọ ìwé, mo tún kọ, oṣù mẹ́rin. Èsì wọn ni pé ọkọ̀ ṣì ń rìn. Oṣù mẹ́rin la fi gbé ariwo yẹn la òkun Pacific kọjá lọ bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tí wọ́n sì dán an, epo tá à ń jó lójúmọ́ wálẹ̀, àwa fúnra wa sì sùn. Tiwọn nìkan kọ́ ni wọ́n fi ṣòfò.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ nísàlẹ̀ pé kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn oníkálukú. Mo gbà pé ìgbọràn ti lọ sókè, ó ti ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní Haro Strait. Àmọ́ ẹ wò ó, tí ilé mẹ́sàn-án bá pa jẹnẹrétọ̀ tí ìkẹwàá gbé tiẹ̀ sábẹ́ fèrèsé yín, ṣé ẹ sùn? IMO, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òkun lágbàáyé, gbé ìlànà jáde lórí ariwo lọ́dún 2014, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2023, kò di dandan fún ẹnikẹ́ni títí di báyìí. Ní ẹ̀gbẹ́ Atlantic, Amẹ́ríkà sọ nọ́ọ̀tì 10 di òfin láti 2008 láwọn ibi kan àti láwọn àsìkò kan, fún ọkọ̀ tó bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 65 sókè, kí wọ́n má baà kọ lu right whale. Ọkọ̀ ò dáwọ́ dúró. Mo fẹ́ irú ẹ̀ fún ariwo. Káptẹ́ẹ̀nì tó bá fẹ́ ṣe dáadáa, òfin ló máa gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń pè é lórí fóònù.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó bèèrè, ẹ ṣé tẹ́ ẹ padà wá, ẹ ní kí làbúrò yín lè ṣe torí òun kọ́ ló ń wa ọkọ̀.

Kó máa kọ gbígbọ̀n ọkọ̀ sílẹ̀, kó fi ọjọ́ àti wákàtí sí i, ìwé ló ń ṣẹ́gun ọ́fíìsì, ẹnu kì í ṣẹ́gun wọn. Kó béèrè ìgbà tí wọ́n dán propeller gbẹ̀yìn. Tí páílọ́ọ̀tì, ẹni tó mọ ọ̀nà omi ibẹ̀ tó máa ń wá darí ọkọ̀ wọlé, bá gun ọkọ̀ wọn lẹ́bàá Victoria, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n rí orca lọ́sẹ̀ yẹn, inú wọn máa ń dùn láti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, tí iṣẹ́ bá gbà á láyè, kó gun òkè lọ dúró lápá ọ̀tún bí wọ́n bá ṣe ń wọlé, á rí ilé iná funfun kékeré kan lórí àpáta. Lime Kiln nìyẹn.

Ẹ̀yin náà, ibẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ yín. Orcasound ń gbé ohùn inú omi agbègbè yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi fóònù gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi nǹkan sétí. Lálẹ́ àná mo gbọ́ ọkọ̀ kan kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè, ó wú, ó bo gbogbo nǹkan fún bíi ìdajì wákàtí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tó wá lọ tán, mo gbọ́ tá, tá tá, lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn náà ẹnì kan dá a lóhùn.